Àgbò Méjì Tí Ń Mumi Nínú Koto Kan

Ìjà Apple àti Samsung, àti àwa tí a ń gbèjà wọn

Ní òde ìkómọjáde kan ní Àjàṣẹ́, nígbà tí wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán, tí àwọn obìnrin sì ń gbé oúnjẹ kiri, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí bàbá wọn jẹ́ ọmọ ìyá kan náà bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Ohun tó dá a sílẹ̀ kò ju àwòrán lọ. Ọ̀kan fi iPhone ya ìyá ọmọ, èkejì fi Samsung Galaxy yà á. Èyí àbúrò ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a gbé àwòrán méjèèjì síra, kí ẹ wá rí i bí tèmi ṣe mọ́ ju tiyín lọ.” Èyí ẹ̀gbọ́n fèsì pé, “Ìwọ tí o ń lo fóònù tí gbogbo ayé ń lò, kí lo mọ̀ nípa àwòrán?” Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ti pín sí ọ̀nà méjì. Ẹnu wọn kò gba ara wọn mọ́, àfi bí ẹni pé ìdílé méjì ń jà nítorí ààlà oko. Bẹ́ẹ̀ àwòrán méjèèjì ló dára.

Ìyá àgbà kan tó jókòó nítòsí gbọ́ ariwo náà. Ó pè wọ́n, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn tí ẹ ń gbèjà wọn yìí, ṣé wọ́n mọ̀ yín?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Àwọn àgbà wa sọ pé àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Bí a bá fara balẹ̀ wo ìtàn àwọn tó ń ṣe fóònù ìgbàlódé, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní portable, a ó rí i pé àwọn àgbò wọ̀nyí ń kan ara wọn ní gbangba lóòótọ́, ṣùgbọ́n koto kan náà ni wọ́n ti ń mu. Àwa tí a dúró yí wọn ká tí a ń pariwo ni a kò rí koto náà.

Bí ìjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Nínú àwọn méjèèjì, Samsung ni ẹ̀gbọ́n. Ní ọdún 1938 ni Lee Byung-chul dá a sílẹ̀ ní ìlú Daegu ní Kòríà, ẹja gbígbẹ sì wà lára ọjà tí ó kọ́kọ́ ń tà. Apple ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1976 ní Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpútà sì ni iṣẹ́ tí ó gbé dání. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ohun tó pa àwọn méjèèjì pọ̀ tó lè di ìjà.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kínní ọdún 2007, Steve Jobs, olórí Apple, gbé iPhone àkọ́kọ́ han àwọn ènìyàn ní San Francisco. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún náà ni ọjà rẹ̀ ṣí. Fóònù tí kò ní bọ́tìnnì nọ́ńbà, tí ó jẹ́ pé ìka lásán ni a fi ń ra ojú rẹ̀, jẹ́ ìyanu nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ Google ti ra Android ní ọdún 2005. Ní ọdún 2008 ni fóònù àkọ́kọ́ tó ń lo Android jáde. Google yọ̀ǹda Android fún ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ fi ṣe fóònù tirẹ̀. Samsung wà lára àwọn tó gbà á, ó sì fi í ṣe Galaxy S tí ó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2010. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti di “tèmi ló dára jù.”

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, Apple pe Samsung lẹ́jọ́ ní Kalifọ́níà. Ó ní Samsung wo ìrísí iPhone kọ́ tirẹ̀: igun rẹ̀ tí kò mú, bí àwọn àmì kéékèèké ṣe tò sí ojú rẹ̀, àti bí ìka ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Samsung náà dá ẹjọ́ padà, ó ní Apple ń lo ọgbọ́n tí òun dá fún ìbánisọ̀rọ̀ aláìlókùn láìgba àṣẹ. Ẹjọ́ náà ràn dé Jámánì, Japan, Ọsirélíà, Gẹ̀ẹ́sì àti Kòríà fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2012 ni ọjọ́ tó yẹ kí olólùfẹ́ méjèèjì máa rántí. Ní ọjọ́ náà, ilé-ẹjọ́ kan ní Seoul sọ pé olúkúlùkù wọn ló jẹ̀bi èkejì. Ní ọjọ́ kan náà, ní San Jose ní Kalifọ́níà, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́ náà ní kí Samsung san owó tó lé ní bílíọ̀nù 1 dọ́là fún Apple. Samsung kò gbà. Ẹjọ́ dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2016, ó tún padà sísàlẹ̀; ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018 wọ́n ní kí Samsung san mílíọ̀nù 539 dọ́là. Oṣù kan lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì jọ jókòó, wọ́n parí rẹ̀ láàárín ara wọn, wọn kò sì sọ iye tí wọ́n fi parí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún méje ni ìjà náà gbà. Àwọn tó ti tìtorí rẹ̀ bú ọ̀rẹ́ wọn kò gbọ́ àdéhùn tó parí rẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀ tó padà wálé

Yàtọ̀ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n tún ń jà nínú ìpolówó ọjà. Láti ìparí ọdún 2011 ni Samsung ti ń fi àwọn tó ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú ilé ìtajà láti ra iPhone ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí Apple yọ ihò okùn etí kúrò lára iPhone 7 ní ọdún 2016, Samsung fi èyí náà ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní ọdún 2019, Galaxy Note10 jáde láìní ihò náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Apple kò fi ṣájà sínú páálí iPhone 12 mọ́. Samsung gbé ṣájà tirẹ̀ han lórí Facebook láti fi yangàn. Kò pé oṣù mẹ́rin tí Galaxy S21 fi jáde láìsí ṣájà nínú páálí, Samsung sì yọ ẹ̀fẹ̀ náà kúrò.

Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kan nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Samsung gbé Galaxy Note jáde ní ọdún 2011, àwọn kan ní ó ti tóbi jù, wọ́n ní ó dà bí ẹni gbé pátákó sétí. Ní ọdún 2014, Apple ṣe iPhone 6 Plus, tí ojú rẹ̀ tóbi ju ti Note àkọ́kọ́ náà lọ. Ohun tí a fi ń bú ara wa lónìí ni a ó máa rà lọ́la.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ rí. Olólùfẹ́ Apple kì í gbàgbé pé bátìrì Galaxy Note7 ń gbaná ní ọdún 2016, títí tí Samsung fi dá ọjà náà dúró pátápátá. Olólùfẹ́ Samsung kì í gbàgbé pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Apple jẹ́wọ́ pé òun ń dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ilé ẹlòmíràn nìkan ni olúkúlùkù há sórí.

Koto kan náà

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù nìyí. Ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú iPhone àkọ́kọ́ ní ọdún 2007, Samsung ló ṣe é. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń wọ́ ara wọn káàkiri ilé-ẹjọ́ ní ọdún 2011 àti 2012, Samsung kò yé ṣe ọpọlọ iPhone fún Apple, Apple kò sì yé san owó fún un. Nígbà tí iPhone X jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì ń yin bí ojú rẹ̀ ṣe ń dán, Samsung ló ṣe ojú náà. Ẹni tó ra iPhone X láti fi hàn pé òun kò fẹ́ràn Samsung ti fi díẹ̀ nínú owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kòríà.

Google tó ni Android ńkọ́? Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà pe Google lẹ́jọ́ lórí bí ó ṣe gba ọjà ìwádìí orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, àwọn ìwé ẹjọ́ náà fi hàn pé ní ọdún 2022 nìkan, Google san nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là fún Apple, kí àwọn tó ń lo iPhone lè máa bá Google pàdé bí wọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀ lórí fóònù wọn. Àwọn tí a ń pè ní ọ̀tá ara wọn ni wọ́n ń fi irú owó yìí ránṣẹ́ síra.

Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Ẹni bá mọ ọjà Àjàṣẹ́ mọ̀ pé ìyá méjì tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè máa du oníbàárà láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì tún jọ wọ ọkọ̀ kan náà lọ sí oko láti ra ata ọjọ́ kejì. Ìdíje kì í ṣe ìkórìíra. Àwọn tó ń tà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń rà ni kò mọ̀.

Kí ló dé tí a fi ń gbèjà wọn?

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ohun tí a bá fi owó ńlá rà, a kì í fẹ́ gbọ́ pé kò dára. Ẹni tó ti tọ́jú owó fún ọdún kan kí ó tó ra fóònù, bí wọ́n bá bú fóònù náà, ó dà bí ẹni pé wọ́n bú ọgbọ́n orí rẹ̀. Ìdí kejì ni pé ènìyàn fẹ́ràn láti wà nínú agbo. Àwa tí a bí sínú agbo ilé, tí a ní oríkì, tí a mọ ẹ̀yà tí a ti wá, yẹ kí èyí yé wa ju ẹlòmíràn lọ. Ọ̀dọ́ tí kò mọ oríkì ilé bàbá rẹ̀ mọ́, tí ó sì ń wá ohun tí yóò máa fi yangàn, yóò rí agbo kan rà ní ọjà.

Ìdí kẹta ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ náà mọ odi kọ́. Láti ọdún 2011 ni àwọn tó ń lo iPhone ní Amẹ́ríkà ti ń rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ síra wọn ní àwọ̀ búlúù, tí ti ẹni tó ń lo Android sì ń jáde ní àwọ̀ ewé. Ohun kékeré yìí di ohun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń fi yọ ara wọn sọ́tọ̀. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà pe Apple lẹ́jọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀. Ní ti wa níhìn-ín, WhatsApp tí gbogbo wa ń lò kò mọ búlúù yàtọ̀ sí ewé. Odi náà kò tilẹ̀ sí lọ́dọ̀ wa, síbẹ̀ a ti yá ìjà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lò.

Okùn ṣájà náà jẹ́ odi. Fún ọdún púpọ̀ ni ti iPhone fi yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ariwo olólùfẹ́ kọ́ ló wó odi yìí, òfin ni. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin lélẹ̀ ní ọdún 2022 pé oríṣi ihò ṣájà kan náà ni kí gbogbo fóònù tuntun máa lò láti ìparí ọdún 2024. Apple kò dúró de ọjọ́ náà. Ó yí tirẹ̀ padà lára iPhone 15 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Àwọn oníbàárà tó sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ fún àwọn aṣòfin wọn rí èrè ju àwọn tó ń bú ara wọn lọ.

Ọmọ bàbá kan náà

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ nínú wa rántí ìgbà tí Nokia jẹ́ ọba. Nokia 1100 tó jáde ní ọdún 2003, tí ó ní iná tọ́ọ̀ṣì lórí, ta ju mílíọ̀nù 250 lọ káàkiri ayé. Ta ni ó rò pé Nokia lè ṣubú? Ṣùgbọ́n ní ọdún 2014, ó ti ta iṣẹ́ fóònù rẹ̀ fún Microsoft.

Ẹni tó jókòó sórí ìtẹ́ náà ní Áfíríkà lónìí kì í ṣe Apple, kì í sì í ṣe Samsung. Ilé-iṣẹ́ Transsion ni, tí ó fi Shenzhen ní Ṣáínà ṣe ibùjókòó. Ọdún 2006 ni wọ́n dá a sílẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi dojú kọ Áfíríkà. Ó rí ohun tí àwọn ẹni ńlá kò kà sí. Ó rí i pé ẹni tó ń gbé ní Kétu tàbí Ṣábẹ lè ní nọ́ńbà MTN kan àti nọ́ńbà Moov kan, nítorí náà ó ṣe fóònù tó ń gba káàdì SIM méjì. Ó rí i pé iná mànàmáná kì í fìgbà gbogbo wà, nítorí náà ó ṣe bátìrì tó ń pẹ́. Ó rí i pé kámẹ́rà tí wọ́n fi ojú funfun dán wò kì í ya ojú dúdú dáadáa, ó sì tún tirẹ̀ ṣe fún àwọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Tecno, Infinix àti Itel, orúkọ mẹ́ta tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń jà láti Kútọnu dé Lomé, Transsion ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ń fi Infinix bú oní-Tecno ń bá a jà lórí ọmọ méjì tí bàbá kan náà bí. Apá ibi yòówù kí owó gbà, àpò kan náà ló ń wọ̀.

Iye tó ń ná wa

Àwọn kan lè sọ pé eré ni gbogbo rẹ̀, pé bí a kò bá jà lórí fóònù, a ó jà lórí bọ́ọ̀lù. Ìbá jẹ́ bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí owó nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, 999 dọ́là ni iye tí wọ́n kọ́kọ́ ń ta iPhone X. Iye yìí ju 500,000 fáránkì CFA lọ. Láti oṣù Kínní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ gbà láàyè jẹ́ 52,000 fáránkì. Ẹni tó ń gba irú owó oṣù bẹ́ẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́sàn-án lọ, láìjẹ, láìmu, láìsan owó ilé, kí ó tó lè ra irú fóònù bẹ́ẹ̀. Iye yẹn lè ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira níbi iṣẹ́ aránṣọ, kí ó sì ṣẹ́ kù.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ohun tó wù ú. Ohun tó wu ni ni a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bí ọ̀dọ́ bá jẹ gbèsè nítorí àmì èso ápù tí wọ́n gé jẹ lẹ́yìn fóònù, bí ó bá ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rẹ́ tó ń lo Itel, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré.

Kí a sì má gbàgbé pé ìdíje náà ní èrè tirẹ̀. Òun ni ó jẹ́ kí kámẹ́rà máa dára sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí Google ṣèlérí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 pé òun yóò máa tún inú fóònù Pixel 8 ṣe fún ọdún méje, Samsung ṣe irú ìlérí kan náà fún Galaxy S24 ní oṣù Kínní ọdún 2024. Oníbàárà ló jèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe tán láti fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ bá èkejì ni wọ́n ń du. Ẹni tí ó ti búra pé òun kò ní kúrò láé, kò sí ìdí tí wọn yóò fi máa wá ojú rere rẹ̀.

Nítorí náà, kí ni kí a bi ẹni tó ń tà fóònù? Kí a bi í pé ọdún mélòó ni wọn yóò fi máa tún inú rẹ̀ ṣe. Kí a bi í pé bí ojú rẹ̀ bá fọ́, ta ni yóò tún un ṣe nílùú wa, èló sì ni. Kí a sì ṣe ohun kan sí i kí a tó sanwó: kí a fi í kọ orúkọ wa, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Lórí Android, a lè yan Yorùbá nínú kíbọọ̀dù Gboard ti Google. Ní Bẹ̀nẹ̀, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ wa tí wọ́n fi lélẹ̀ ní ọdún 1975 ń lo ɛ àti ɔ níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń lo ẹ àti ọ. Kí a wò ó bóyá fóònù náà mọ èyí pẹ̀lú. Bí a bá fi ìdajì agbára tí a fi ń gbèjà Apple àti Samsung bèèrè èdè wa lọ́wọ́ wọn, wọn yóò gbọ́, nítorí oníṣòwò kì í di etí sí ohùn oníbàárà tó mọ ohun tó ń fẹ́.

Ní òde ìkómọjáde tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ìyá àgbà náà fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Libreville, kí ó lè sọ orúkọ ọmọ tuntun fún un. Bátìrì iPhone ẹ̀gbọ́n ti kú, nítorí àwòrán tí ó ti ń yà láti àárọ̀. Owó ìpè ti tán lórí Galaxy àbúrò. Ọmọbìnrin kan tí kò dá sí àríyànjiyàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ mú fóònù kékeré kan jáde láti inú àpò rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà, ó sì kúnlẹ̀ gbé e sí etí ìyá àgbà. A gbọ́ ohùn ọmọ náà láti ọ̀nà jíjìn. Kò sí ẹni tó bèèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà.